Ṣé kí n gbé Hilux mi sókè ni àbí kí n fi í sílẹ̀? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó ra lift kit

Ọ̀rọ̀ òṣèlú kọ́ ni mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń ka ìròyìn níbí ló ní Hilux, Prado tàbí 4Runner tókunbọ̀, ẹ sì ń gbé e lọ sóko, síbi iṣẹ́ tàbí sílé àwọn àna yín lábúlé. Ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ọ̀rọ̀ yìí lówó nínú, ó sì lẹ́mìí nínú.

Lóṣù Keje tó kọjá, lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, mo gbéra láti Ìbàdàn, ó di abúlé kan lẹ́yìn Ayétẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ló pè mí pé ẹ̀gẹ́ àwọn ti ń jẹrà, nítorí kò sí ọkọ̀ tó lè wọlé wá kó o. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀nà tó ń dá wọn lóró ti dá èmi náà lóró. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó ẹ̀gẹ́ ti gbẹ́ ọ̀nà náà sí méjì. Ipa táyà wọn jìn wọlẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, àárín rẹ̀ wá ga bí ebè iṣu. Mo ki ọkọ̀ bọ inú ipa náà. Kò pẹ́ tí ikùn Hilux mi fi jókòó sórí ebè, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí lásán, ẹrẹ̀ ń ta sókè. Mo ti wọ fọ́ọ̀ wíìlì, pàbó ló já sí. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta kí katakata kan tó wá fà mí jáde. Ilẹ̀ ti ṣú. Mi ò rí àwọn àgbẹ̀ yẹn bá sọ̀rọ̀, ìròyìn wọn ò sì jáde lọ́sẹ̀ náà. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. Ó ní, "Ọ̀gá Oníròyìn, mọ́tò yín ti wálẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká ríìsì ẹ̀. Ínṣì mẹ́rin péré, ẹ ò ní mọ̀ pé kòtò wà láyé mọ́."

Kí n má parọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Ta ni kò wù kí ọkọ̀ òun ga kó dúró bí àgbò? Mo ti fẹ́ san àsansílẹ̀ owó, ṣùgbọ́n mo ní kí n kọ́kọ́ béèrè bí mo ṣe máa ń béèrè ká ní ọ̀rọ̀ ìròyìn ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń béèrè kiri, lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Gate, àti lọ́dọ̀ àwọn tó ti gbé ọkọ̀ tiwọn sókè. Ohun tí mo rí nìyí.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ LIFT KIT?

Lift kit ni gbogbo àkójọ irin, rọ́bà, sípíríǹgì àti bóòtù tí wọ́n fi ń mú kí ọkọ̀ ga ju bí iléeṣẹ́ tó ṣe é ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà ṣe é, ọ̀tọ̀ sì ni iṣẹ́ tí ìkọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n gbé ara ọkọ̀ kúrò lórí férémù. Hilux, Prado, 4Runner àtàwọn bíi tiwọn, ara ọkọ̀ dá dúró, irin férémù tó wà lábẹ́ rẹ̀ dá dúró, bóòtù ló so wọ́n pọ̀. Wọ́n á tú bóòtù yẹn, wọ́n á ki ike líle sáàárín, wọ́n á wá fi bóòtù tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ dè é padà. Ara ọkọ̀ á ga, àyè á sì wà fún táyà ńlá. Àmọ́ férémù, jíà àti salẹ́ǹsà ò kúrò níbi tí wọ́n wà. Tí ó bá jẹ́ pé àwọn ni ilẹ̀ ń ha, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan.

Ìkejì ni spacer. Irin róbótó tàbí ike líle ni, wọ́n máa ń fi sórí sípíríǹgì iwájú. Ní ẹ̀yìn Hilux, tó jẹ́ pé irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn ni sípíríǹgì rẹ̀, wọ́n lè ki búlọ́ọ̀kù irin sáàárín sípíríǹgì àti ásù, tàbí kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kan kún àwọn tó wà níbẹ̀. Èyí ló rọjú jù, òun náà ni wọ́n sì máa ń ṣe jù níbí.

Ìkẹta ni pé kí wọ́n pààrọ̀ sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì sí èyí tó gùn tó sì lágbára jù, nígbà míì pẹ̀lú aàmù òkè tuntun. Tí gíga náà bá ti kọjá nǹkan bí ínṣì méjì àbọ̀ lórí ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bíi ti Hilux òde òní, àfi kí wọ́n tún fi irin mìíràn rẹ dífù iwájú àti aàmù ìsàlẹ̀ sílẹ̀, kí ṣáàfù má baà tẹ̀ jù. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sán kan lábẹ́ igi máńgòrò.

Nígbà tí mo padà bi mẹkáníìkì mi pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fẹ́ fi gbé e ga ní ínṣì mẹ́rin, ó ní wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ló máa bá wa jó irin tí a máa fi sí i. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbé owó mi padà sápò.

OHUN TÍ GBÍGBÉ ỌKỌ̀ SÓKÈ Ń ṢE FÚN WA

Ẹ jẹ́ ká sọ ti rere rẹ̀, torí ó ní in. Tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ sókè lórí sípíríǹgì, ibi mẹ́ta ni èèyàn ti máa jẹ àǹfààní rẹ̀. Imú ọkọ̀ kò ní tètè gbá ilẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gun òkè tó dúró ṣánṣán. Ìdí ọkọ̀ kò ní tètè wọ́ nílẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń jáde nínú kòtò. Ikùn ọkọ̀ kò sì ní tètè fara kan orí òkè tẹ́ ẹ bá ń rékọjá ibi tó ga láàárín. Férémù, táǹkì epo, jíà àti salẹ́ǹsà á jìnnà sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Àyè táyà ńlá náà á wà.

Fún ẹni tó ń rìn láàárín òkúta lójoojúmọ́, tàbí tó ń gba ojú ọ̀nà igi gẹdú nínú igbó, tàbí tó fi bọ́ńpà irin ńlá àti ẹ̀rọ ìfàkọ̀ síwájú débi tí imú ọkọ̀ fi wálẹ̀, àǹfààní gidi ni.

OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

Ibí ni kẹ́ ẹ ti là mí létí dáadáa. Lẹ́yìn Hilux, ọ̀pá irin ńlá kan ló so ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì pọ̀. Ọ̀pá yẹn ni ásù. Láàárín rẹ̀ ni orí irin róbótó kan wà, dífù ni wọ́n ń pè é. Táyà ló gbé ásù àti dífù dúró. Sípíríǹgì wà lórí ásù, férémù wà lórí sípíríǹgì, ara ọkọ̀ wà lórí férémù.

Ẹ wá bá mi rò ó. Tí ẹ bá ki irin sáàárín ásù àti sípíríǹgì, kí ló máa gòkè? Ohun tó wà lókè irin yẹn ni. Dífù ò ní gòkè, ì báà ṣe ìwọ̀n ìbú ìka kan. Ẹ fi ínṣì mẹ́rin sí i, ẹ fi ínṣì mẹ́wàá sí i, ibi tí dífù wà sí ilẹ̀ lánàá náà ló wà lónìí. Fìlà gogoro kì í gbé ẹsẹ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀.

Táyà nìkan ló lè gbé dífù ẹ̀yìn sókè, ìdajì ohun tẹ́ ẹ bá sì fi kún gíga táyà ló máa fi gòkè. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tèmi jẹ́ 265/70R16. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 265, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, rímù rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 16. Tẹ́ ẹ bá rò ó pọ̀, gíga gbogbo táyà náà láti ilẹ̀ dé òkè jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 777. Tí mo bá lọ sí 265/75R16, ó di nǹkan bíi 804. Ohun tó lé jẹ́ mìlímítà 27, dífù á wá fi nǹkan bíi mìlímítà 13 gòkè. Ó kéré lójú, àbí? Ṣùgbọ́n ó ju òdo tí spacer máa fún dífù lọ.

Ẹ má sì gbàgbé o, táyà tó bá tóbi á mú kí aago ìsáré purọ́. Pẹ̀lú táyà 265/75 yẹn, tí aago bá ní kìlómítà 100 ni ẹ ń sá, nǹkan bíi 103 lẹ ń sá gan-an. Ìyẹn ò burú jù, àmọ́ bí táyà bá ṣe ń tóbi sí i ni irọ́ náà á máa pọ̀ sí i. Ẹ́ńjìnnì á tiraka, epo á sì máa lọ.

OHUN TÓ Ń GBÀ LỌ́WỌ́ WA

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, oníròyìn bíi tèmi. Ó gbé jíìpù rẹ̀ sókè ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó rẹwà gan-an. Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ sáré bọ́ sójú títì, ó yí síàrìn lójijì, ọkọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó sì dojú dé. Orí kó o yọ, apá kan ló kán. Mo bi í bóyá gíga tó gbé ọkọ̀ sí ló fà á. Ó ní, "Mi ò mọ̀, mi ò sì lè búra. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kí n tó gbé e sókè, mo ti pẹ́ ewúrẹ́ báyẹn sílẹ̀ rí, ọkọ̀ ò ṣubú."

Ìṣirò wà fún ọ̀rọ̀ yìí. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó, NHTSA, máa ń fi ìṣirò kan díwọ̀n bó ṣe rọrùn tó fún ọkọ̀ láti dojú dé. Wọ́n á mú àlàfo tó wà láàárín táyà ọ̀tún àti ti òsì, wọ́n á fi ìlọ́po méjì gíga àárín ìwúwo ọkọ̀ pín in. Bí èsì bá ṣe kéré tó ni ewu ṣe pọ̀ tó. Ká ní àlàfo táyà ọkọ̀ kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150, àárín ìwúwo rẹ̀ sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 70 sí ilẹ̀. Èsì á jẹ́ 1.07. Ẹ gbé e sókè ní ínṣì mẹ́rin, kí àárín ìwúwo náà lọ sí 79. Èsì á já sí 0.95. Ọkọ̀ kan náà, awakọ̀ kan náà, títì kan náà, ewu ti yàtọ̀. Ẹ wá fi ẹrù sórí rẹ̀ lókè.

Yàtọ̀ sí dídojú dé, àwọn nǹkan mìíràn tó máa jìyà nìyí:

Ṣáàfù iwájú. Bí ọkọ̀ bá ṣe ga sí i ni ṣáàfù á máa tẹ̀ sísàlẹ̀. Rọ́bà tó bo oríkèé rẹ̀ á tètè ya, gírísì á dà nù, iyanrìn á wọlé, ó parí.

Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì àti aàmù. Wọn ò dúró síbi tí wọ́n ṣe wọ́n fún mọ́. Àwọn tí ọkọ̀ wọn ti dàgbà, ẹ yẹ bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ìsàlẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó gbèrò ohunkóhun. Tí ó bá já lórí eré, ẹsẹ̀ iwájú á ṣubú síta ni.

Àláìnmẹ́ǹtì. Dandan ni kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ sókè. Tí wọ́n bá gbé e ga jù, ẹ̀rọ àláìnmẹ́ǹtì gan-an ò ní lè mú un bọ̀ sípò, táyà tuntun á wá máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bíréèkì. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù torí pé èèyàn tó mọ̀ ọ́n ò pọ̀. Àwọn rọ́bà tó ń gbé òróró bíréèkì lọ sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ níwọ̀n. Tí ọkọ̀ bá ga jù, wọ́n á nà gan, wọ́n sì lè já nígbà tí ẹsẹ̀ kan bá bọ́ sí kòtò. Yàtọ̀ síyẹn, ọ̀pọ̀ Hilux ló ní fáàfù kan lẹ́yìn tó ń fi gíga ìdí ọkọ̀ mọ bóyá ẹrù wà níbẹ̀. Ọ̀pá tín-ínrín kan ló so ó mọ́ ásù. Tí ìdí ọkọ̀ bá wálẹ̀, ó mọ̀ pé ẹrù wà, á fún bíréèkì ẹ̀yìn lágbára. Tí ìdí bá ga, á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á dín in kù. Tí mẹkáníìkì bá wá gbé ìdí ọkọ̀ sókè láì tún ọ̀pá yẹn ṣe, fáàfù á máa rò pé ọkọ̀ ṣófo, nígbà tó jẹ́ pé ẹrù ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn. Ẹ tẹ bíréèkì lórí òkè Ẹ̀ruwa, kẹ́ ẹ wá máa ké pe Ọlọ́run.

Iná iwájú. Tí wọ́n bá gbé imú sókè ju ìdí lọ, iná á máa tàn sójú àwọn tó ń bọ̀. Ẹ mọ bí títì wa ṣe rí lálẹ́.

Ìyá mi náà wà ńbẹ̀. Orúnkún ń dùn wọ́n. Bí Hilux ṣe rí yìí náà, àpótí ìjókòó ni mo máa ń gbé sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó gùn ún lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ gbé ọkọ̀ sókè sí i, wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé àkàbà lo máa rà fún mi ni?" Mi ò rí èsì fún wọn.

OMI ŃKỌ́?

Àwọn kan sọ fún mi pé tí ọkọ̀ bá ti ga, èèyàn lè wọ odò. Ẹ má ṣe é o. Lóòótọ́, ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn á ga díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n agbára omi tó ń ṣàn kì í ṣe ohun tí ínṣì méjì ń dá dúró. Àwọn tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà máa ń kìlọ̀ pé omi tó ń ṣàn tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà méjì péré lè gbé jíìpù àti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré lọ. Bí dífù bá sì ti wọnú omi, omi lè gba ihò tó fi ń mí wọ inú òróró rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti gba inú omi jíjìn kọjá, ẹ ní kí wọ́n yẹ òróró dífù wò. Tó bá ti funfun bíi tíì onímílíìkì, omi ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíá.

BÍ MO ṢE WÁDÌÍ ỌKỌ̀ TÈMI

Mo ní kí mẹkáníìkì gbé ọkọ̀ sórí kòtò iṣẹ́ rẹ̀, mo wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Mo ń wá ibi tí ilẹ̀ ti ha. Mo rí mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ dífù ẹ̀yìn ń dán yinrin, ilẹ̀ ti ha á mọ́. Táyà àfipamọ́ tó máa ń so rọ̀ lábẹ́ ìdí Hilux ti gba ẹrẹ̀ sínú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ti họ. Ẹnu salẹ́ǹsà ti tẹ̀ wọnú. Níwájú, kò sí àpá kankan. Ẹ̀yin náà lè ṣe é: ẹ fi ọ̀dà funfun díẹ̀ kun abẹ́ ọkọ̀ níbi mẹ́rin márùn-ún, ẹ gba ojú ọ̀nà tó ń dà yín láàmú lọ, ẹ padà wá wo ibi tí ọ̀dà ti ṣí. Ibẹ̀ ló ń gbá ilẹ̀. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà, mo mú téèpù, mo wọn ọkọ̀ láti àárín rímù dé etí fẹ́ńdà lókè, lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo wá lọ bá ẹnì kan tí Hilux rẹ̀ jẹ́ irú tèmi gẹ́lẹ́, àmọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ sípíríǹgì, mo wọn tirẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tèmi fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà wálẹ̀ lápá òsì ju tirẹ̀ lọ, ó fi márùn-ún wálẹ̀ lápá ọ̀tún. Sípíríǹgì mi ti rẹ̀. Àwọn tó ni ín kó tó dé ọwọ́ mi ti fi ẹrù pa á. Ohun tí mo fẹ́ san owó gọbọi lé lórí pé kí wọ́n fi gbé ọkọ̀ mi ga, ìdajì rẹ̀ ti jẹ́ tèmi tẹ́lẹ̀, mo kàn pàdánù rẹ̀ ni.

Mo tún ṣí ìwé tí mo máa ń kọ ìrìnàjò mi sí. Láàárín oṣù mẹ́ta, mo jáde nígbà 38. Ìgbà márùn-ún péré ni mo fi kúrò lórí ọ̀dà. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn tó máa ń bà wá lẹ́rù láyé àtijọ́, ọ̀dà ti wà ńbẹ̀ báyìí. Tí mo bá gbé ọkọ̀ sókè, nítorí ọjọ́ márùn-ún ni mo máa fi fara da ewu àti ìnáwó ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n yòókù.

OHUN TÍ MO WÁ ṢE

Mi ò ra lift kit. Mo pààrọ̀ sípíríǹgì ẹ̀yìn sí tuntun tó jẹ́ gíga tí iléeṣẹ́ fi sí i, mo pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àwọn bọ́ṣì tó ti jẹ. Táyà àfipamọ́ àti salẹ́ǹsà gòkè padà. Mo wá ra táyà 265/75R16 tó ní eyín jíjìn fún ẹrẹ̀, lẹ́yìn tí fọganáísà ti fi ẹyọ kan dán an wò pé kò ha ibì kankan tí síàrìn bá yí dé òpin. Dífù fi ìwọ̀nba tí mo ṣírò yẹn gòkè. Mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń fa afẹ́fẹ́, ọkọ́, àti okùn ìfàkọ̀ tó nípọn. Tí mo bá dé ojú ẹrẹ̀, mo máa ń dín afẹ́fẹ́ táyà kù láti 35 sí nǹkan bíi 20, kí táyà lè tẹ́ kó sì di ilẹ̀ mú. Tí mo bá ti fẹ́ padà sórí ọ̀dà, mo máa ń fún un padà kí n tó sáré. Ẹ má fi èyí ṣeré o. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré tó wá ń sáré lórí ọ̀dà, bíbẹ́ ló máa bẹ́.

Awakọ̀ katakata tó fà mí jáde lọ́jọ́sí ló kọ́ mi ní ìyókù, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wọnú ipa ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan lé orí ebè tó wà láàárín, ẹ gbé ìkejì lé etí ọ̀nà." Tí táyà bá ti wà lórí ibi tó ga, dífù ò ní rí ohun tó máa jókòó lé.

Lóṣù Kẹsàn-án, mo padà lọ sí abúlé yẹn. Òjò ṣì ń rọ̀. Mo kọjá ibi tí mo ti há lọ́jọ́ kìíní, ikùn ọkọ̀ ò kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n sọ òdodo, nígbà tó ku nǹkan bíi kìlómítà méjì, mo dé ibi kan tí omi ti gbẹ́ ọ̀nà lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi igi wọn ún, ó jìn kọjá orúnkún mi. Lift kit tí wọ́n fẹ́ bá mi fi sí i náà ò bá má gbé mi kọjá ibẹ̀. Mo páàkì Hilux, mo gun ọ̀kadà gba ẹ̀bá oko lọ. Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ náà lọ́sàn-án, mo gbọ́ ti ẹnu wọn, ìròyìn wọn sì jáde lọ́sẹ̀ yẹn.

TA LÓ WÁ YẸ KÓ GBÉ ỌKỌ̀ SÓKÈ?

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Tó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ lẹ ń wọ igbó, tí férémù tàbí imú ọkọ̀ yín ń gbá ilẹ̀ nígbà tí sípíríǹgì yín ṣì dára, tẹ́ ẹ sì lè rọra wakọ̀ lórí ọ̀dà, ó lè yẹ yín. Ẹ má kọjá ínṣì méjì. Ẹ ra sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ yín gan-an. Ẹ má gba irin tí wẹ́dà fi ojú díwọ̀n, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n to búlọ́ọ̀kù méjì léra lórí ásù, torí ó lè yọ̀ kúrò lórí eré. Ẹ sọ fún iléeṣẹ́ tó bá yín ṣe ìbánigbófò pé ẹ ti yí ọkọ̀ padà, kí wọ́n má baà lo ọ̀rọ̀ náà mọ́ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìnira.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi mẹkáníìkì yín ní ìbéèrè mẹ́fà yìí:

1. Ibo gan-an ló ń gbá ilẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ mi? Ẹ ní kó fi hàn yín.
2. Ṣé ohun tá a fẹ́ ṣe yìí á gbé ibẹ̀ sókè?
3. Ṣé sípíríǹgì tó wà níbẹ̀ ṣì wà ní gíga rẹ̀ àtijọ́?
4. Báwo ni ṣáàfù iwájú á ṣe tẹ̀ tó, ṣé àláìnmẹ́ǹtì á ṣì bọ́ sípò?
5. Ṣé rọ́bà bíréèkì á tó, ta ló sì máa tún ọ̀pá fáàfù ẹ̀yìn ṣe?
6. Tí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, ṣé ó ṣe é tú padà?

Èyí tí kò bá rí dáhùn nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ fi owó yín sápò. Mẹkáníìkì tèmi rí mẹ́rin dáhùn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá Oníròyìn, ẹ ti ń ṣe mí bí olóṣèlú." Ọ̀rẹ́ ṣì ni wá. Òun náà ló bá mi fi sípíríǹgì tuntun sí i.

Ìyá mi ṣì ń fi àpótí gun ọkọ̀, wọn ò sì tíì béèrè àkàbà.